Ọba Domnall Ará Nunhead

Ilésanmí fẹ́ràn àga. Kì í ṣe ìjọ ló fẹ́ràn o. Àga là ń wí, àga onígi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Wòlíì Ọbanijésù, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó fi aṣọ àrán funfun bò, tó sì gbé ka orí pẹpẹ Ìjọ Adágún Ìyè, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham. Ọdún mọ́kànlélógún ni Ilésanmí fi jókòó lápá ọ̀tún àga yẹn, lórí àga oníke, tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di Bíbélì mú. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ike fún ọdún mọ́kànlélógún, ẹ má wulẹ̀ wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún un.

Nígbà tí Ọbanijésù kú, ìyàwó rẹ̀, Mummy Sẹ̀gilọlá, wọ yàrá lọ, ó kọjú sí ògiri, kò sì jẹun mọ́. Ọjọ́ kẹta lòun náà tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin àwọn méjèèjì, òtútù ọjọ́ náà sì wọni dé egungun. Seth, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, dúró létí sàréè, ó ń sunkún, ni ikọ́ fée tó ti ń bá a fínra láti kékeré bá gbé e. Kò lè mí. Ó fọwọ́ bọ àpò, ó yọ ike búlúù kékeré tó máa ń fà sẹ́nu, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, èémí rẹ̀ sì padà. Gbogbo ìjọ rí i. Ilésanmí rí i ju gbogbo ìjọ lọ.

Nítorí òfin kan wà nínú Ìjọ Adágún Ìyè: omi tí a gbàdúrà sí nìkan ni oògùn. Ọbanijésù ló fi òfin náà lélẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí ó mọ ohun tó wà nínú ilé kálukú. Ìdajì ọmọ ìjọ ló ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó, tí wọ́n ń pín oògùn fún wọn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ parasitamọ́ọ̀. Gbogbo wọn ń lò ó, gbogbo wọn ń gbé e pamọ́, kò sì sẹ́ni tó ń tú àpò ẹnì kejì wò.

Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wá jókòó láti yan ẹni tí yóò gorí àga, tí ẹnu ti fẹ́ẹ́ kò sórí Seth, Ilésanmí dìde. Omijé wà lójú rẹ̀; omijé kò wọ́n ọn rí. Ó ní ọmọ òun ni Seth, ẹ̀yìn òun ló sùn sí nígbà tó wà ní jòjòló, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ sọ fún Ọlọ́run? Pé ẹni tó fa oògùn lórí sàréè bàbá rẹ̀ la gbé gorí àga bàbá rẹ̀? Ó ní kí wọ́n kọ òfin náà sínú ìwé kó má baà máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu: ẹni tó bá ń lo oògùn kò gbọdọ̀ gorí àga, ẹni tó bá wà lórí àga tó sì lo oògùn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìjọ tí ọwọ́ bá tẹ̀ pẹ̀lú oògùn, kí wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Ó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ló jókòó sórí àrán.

Ṣùgbọ́n pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kò pé ọdún kan lórí àga tí Ilésanmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Yóò na ọwọ́ sí ife tíì, ọwọ́ rẹ̀ á kọjá ife náà. Bethany, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó, kò bá a jiyàn. Ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní àìsàn náà, glaucoma, ń jẹ ìríran láti etí wá sí àárín, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ó ti jẹ ojú òsì tán. Ojú ọ̀tún ṣì kù, bó bá sì ń kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láìpa ọjọ́ kan jẹ, ojú náà lè bá a dé sàréè.

Ilésanmí gba oògùn náà. Ṣé ẹ rò pé yóò kọ̀ ọ́ ni? Ó rán àpò kékeré kan sí inú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìgò náà ń gbé. Lójoojúmọ́, bí Bethany bá ti ibi iṣẹ́ dé sí ilé bàbá rẹ̀ ní Nunhead, yóò fa kọ́tìnì, bàbá á gbé ojú sókè, ọmọ á kán an sí i. Lẹ́yìn náà ni bàbá á nu ojú, á sì gbé ike omi àdúrà síwájú fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i.

Kò lè wa mọ́tò mọ́, ó sì sọ fún ìjọ pé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ló sú òun. Seth ní òun á máa gbé e lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo ènìyàn yin Seth pé ọmọ gidi ni, pé kò di ẹnikẹ́ni sínú. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ kò mọ Seth. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àwọn àgbà yẹn wà nínú rẹ̀ bí egungun ẹja nínú ọ̀fun, àmọ́ ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ Seth ni kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ìwé kan lápá Elephant and Castle, òun fúnra rẹ̀ sì ń kàwé sí i lórí àwọn ọba Scotland àtijọ́. Ọ̀nà láti Rye Lane dé Nunhead kò tó nǹkan, nítorí náà bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n á jókòó sínú mọ́tò títí ìtàn ọjọ́ náà á fi dé ibi tó ṣeé dá dúró.

“Daddy, ṣé ẹ mọ̀ pé there was a king just like you?” Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

“Bíi tèmi báwo?”

“Domnall. Domnall Bán ni wọ́n ń pè é, that means white, fair. Ó ti tó sixty kó tó di ọba. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Malcolm, ló wà lórí throne for thirty-five years. Wọ́n pa bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n sá lọ. Malcolm wá padà, ó gba ìjọba. Domnall just disappears. Kò sẹ́ni tó kọ ohun tó ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn sílẹ̀.”

“Ó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ di Bíbélì mú ni,” ni Ilésanmí wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Seth náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sọ bí Malcolm ṣe kó ogun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pa á lójú ọ̀nà pẹ̀lú àkọ́bí tí ayaba Margaret bí fún un. Wọ́n gbé ìròyìn náà lọ bá ayaba lórí ibùsùn àìsàn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, òun náà kú.

“Just like Mummy,” ni Seth wí, ó ń wo iwájú.

Ilésanmí kò fẹ́ dúró síbẹ̀ yẹn. “Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ pọ̀ dáadáa. But the people chose Domnall. Wọ́n ní àbúrò ló kàn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lé gbogbo àwọn English tó wà láàfin Malcolm dànù.”

“Ó káre! Ọba tó gbọ́n nìyẹn.”

Bí ìtàn Domnall ṣe wọ Ilésanmí lára nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Seth sọ bí ọmọ Malcolm kan tó ń jẹ́ Duncan ṣe gba ọmọ ogun lọ́wọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá lé bàbá rẹ̀ kékeré kúrò lórí oyè. Ilésanmí kanra. Ó ní ọmọ burúkú ni. Nígbà tó wá gbọ́ pé Duncan kò lò ju oṣù díẹ̀ lọ, pé wọ́n pa á, Domnall sì padà sórí ìtẹ́ rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ nínú mọ́tò bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó tilẹ̀ fi Domnall wàásù. Àwọn ìyá tó jẹ́ pé òtútù nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ Scotland ń kígbe Halelúyà, torí Bàbá Alákòóso, bí wọ́n ṣe ń pe Ilésanmí láti ìgbà tó ti gorí àga, ti sọ pé Ọlọ́run kì í gba àga lọ́wọ́ àgbà fún ọmọdé.

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?” ló ń bi Seth ṣáá. “Báwo ló ṣe parí?”

“Mi ò tíì kà á débẹ̀, Daddy.”

Irọ́ ni. Ó ti kà á débẹ̀ tipẹ́.

Oṣù kìíní ọdún kejì rẹ̀ lórí àga ni ìgò yẹn jábọ́. Òwú tí wọ́n fi rán àpò inú ẹ̀wù ti gbó. Bí Ilésanmí ṣe ń yí ara láti jáde nínú mọ́tò, ìgò yọ́ sáàárín ìjókòó, kò sì mọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni òun àti Bethany fi wá a, kó tó lọ gba òmíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Seth wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń wọ sùtánà, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé ìgò náà ka orí tábìlì, ó sì yí i kí ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí lè dojú kọ bàbá rẹ̀ kékeré.

“Daddy, ẹ gbàgbé nǹkan yín sínú mọ́tò mi.”

Ilésanmí wo ìgò náà. Ojú kan tó kù yìí ríran dáadáa lọ́jọ́ náà, ó ka orúkọ ara rẹ̀ délẹ̀.

“Kí lo fẹ́?” ló bi í.

“Èmi? Nothing, Daddy. Ẹ̀yin lẹ kọ òfin. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀. Màá sọ fún wọn pé ara yín ò le, ẹ fẹ́ sinmi, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan, kí ẹ máa lo oògùn yín in peace. Tàbí kí ẹ dúró lórí àga, kí ẹ wá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ pé ẹ lò ó, pé ẹ ti jù ú nù. Màá bá yín bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí jì yín. Omi nìkan, forever. It's one or the other.”

“Bí mi ò bá ṣe ìkankan ńkọ́?”

“Mo ti ya photo ẹ̀.” Seth ní kó rò ó wò títí di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn. Ó tún bi í bóyá òun á máa dúró gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ilésanmí wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: ọ̀nà wà fún un. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ kó sì máa ríran. Bethany sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ Ẹtì nínú kíṣìnì, ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

“Daddy, it's a chair. Igi ni. Ojú lọba ara, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

“Ó fẹ́ mú àga bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe Domnall náà nìyẹn.”

“Ṣé Brother Seth sọ ìparí Domnall yẹn fún yín?”

“Kò tíì kà á débẹ̀.”

Bethany yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Wọ́n fọ́ ojú ẹ̀, Daddy. Another nephew, Edgar, ọmọ Malcolm àti Margaret. Ó kó ogun wá láti England, wọ́n mú Domnall, they put out his eyes, wọ́n tì í mọ́lé. Kò pẹ́ tó fi kú. Ó ní ọmọbìnrin kan, Bethóc. Wọn ò sọ nǹkan púpọ̀ nípa ẹ̀.”

Ilésanmí fọwọ́ kan ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀. “Edgar fúnra ẹ̀ ló fọ́ ọ?”

“Wọn ò sọ ẹni tó fọwọ́ ṣe é.”

“Kí ló dé tí wọn ò pa á?”

“Because you don't need to. Afọ́jú ò lè jọba. Daddy, Brother Seth knows this story. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́.” Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnì, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú.

Ẹ̀rù ba Ilésanmí. Ó bà á gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo ọdún tó fi jókòó lápá ọ̀tún, ó rántí bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìkí i, ìbínú sì bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Ó ní Seth tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé kan láìmí gúlegúle, òun ni yóò fọ́ òun lójú? Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ojú òun. Ọlọ́run tó dá a ni yóò mú un dúró. Ó sì lè jẹ́ pé ó gba ara rẹ̀ gbọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wàásù omi fún ọdún púpọ̀, ó ṣòro kí omi má wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó jẹ́wọ́, ó sunkún, ó ṣí ìgò náà, ó sì da oògùn inú rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò ju ìwọ̀nba ẹ̀kán mélòó kan lọ. Ìjọ hó gèè. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ nìyẹn, wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí mọ́ láyé. Seth gba máíkì, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí jì í, ó sì ní kí Èṣù má baà dán Bàbá wò, kí ẹnìkan nínú àwọn àgbà ìjọ lọ máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n yan Akínkúnlé, opó ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rélùwéè, tó sì le bí irin rélùwéè. Ọjọ́ kejì ló kó ẹrù rẹ̀ dé Nunhead. Kò sùn lọ́sàn-án, kò lọ sí ibì kankan, ó ń ka ẹ̀kán omi àdúrà tí Ilésanmí ń fi sí ojú. Bí a bá pè é ní wọ́dà, a ò purọ́.

Bethany gbìyànjú. Ó da oògùn sínú ìgò omi àdúrà kékeré kan, ó gbé e wá ní ọjọ́ kan tí Akínkúnlé wà ní bálùwẹ̀, ó ní, “Daddy, ẹ gbójú sókè, quick.” Kò sí ohun tó yẹ kí Ilésanmí ṣe ju kó gbójú sókè lọ. Ó gbé e sókè ná. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ṣí, jìnnìjìnnì mú Ilésanmí, ló bá fọwọ́ gbá ìgò náà dànù, ó sì figbe ta: “Jésù gbà mí o! Ọmọ mi fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀! Akínkúnlé, wá wo ohun tó gbé wá!”

Òfin ni òfin. Bàbá Alákòóso fúnra rẹ̀ ló ka ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú ìjọ, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣègbè. Wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn Bethany, wọ́n ní kó máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn àlejò, kò sì gbọdọ̀ dá wọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Kò bá wọn jà. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ló ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn nínú kóòtù dúdú tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀ láti òkèèrè.

Oṣù mẹ́rìnlá ni ojú ọ̀tún fi lọ. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọnù. Lẹ́yìn náà ni ìwé orin, tó sì ní òun mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà ni ojú ènìyàn, tó wá di pé ó ń dúró de ohùn kó tó mọ ẹni tí yóò súre fún. Ní gbogbo ìgbà yìí, bí wọ́n bá bi í pé ojú ńkọ́, yóò ní ó ń mọ́ sí i, ògo ni fún Olúwa. Ó ti ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé àga: mẹ́tàlélógún. Nígbà tí ọjọ́ wá dé tí ó jí, tó bi Akínkúnlé ìdí tí kò fi tíì fa kọ́tìnì, Akínkúnlé ní ó ti tó wákàtí méjì tí òun ti fà á.

Ìjọ mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ tuntun kan wá fún ìsàmì. Ìyá ọmọ náà na ọmọ síwájú, Ilésanmí sì da omi náà lé ìyá lẹ́sẹ̀, ó ń gbàdúrà kíkankíkan lé afẹ́fẹ́ lórí. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Kò sí àgbàlagbà tó rẹ́rìn-ín.

Seth kò pariwo. Ó pe àwọn àgbà ìjọ jọ, ó sì rán wọn létí òfin àwọn àlùfáà ayé àtijọ́, pé ẹni tó ní àbùkù lára kò gbọdọ̀ súnmọ́ pẹpẹ, àti pé afọ́jú ló ṣáájú nínú àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó dùn létí. Ó ní òun náà ti ju ike búlúù òun nù tipẹ́. Akínkúnlé ló kọ́kọ́ ní òótọ́ ni. Ilésanmí, tó jókòó sáàárín wọn tó ń yí orí tẹ̀lé ohùn kálukú, sọ pé nítorí ìjọ lòun ṣe fọ́jú. Wọ́n ti di ìbò pé kí Seth gorí àga kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìjọ náà, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga láàyè ló gbọ́dọ̀ fi òróró yan ẹni tí yóò gùn ún. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àga náà á ṣófo. Ilésanmí mọ̀ ọ́n, Seth náà mọ̀ ọ́n. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Ilésanmí fi dùbúlẹ̀ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan orí ọmọ náà láéláé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Òfin! Ẹni tó bá wà lórí àga kò gbọdọ̀ lo oògùn. Bí Seth bá gun àga yẹn, ó parí fún ike búlúù tó ṣì ń fà ní kọ̀rọ̀. Omi nìkan ni yóò máa mu bí ikọ́ fée bá gbé e, nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù, nínú eruku ilé ìkẹ́rùsí yẹn. Ìgbà òtútù kan, bóyá méjì. Inú Ilésanmí dùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó béèrè oúnjẹ, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí wọ́n sọ fún Seth pé òun á yàn án tayọ̀tayọ̀.

Ilé ìjọsìn kún lọ́jọ́ náà. Akínkúnlé mú Ilésanmí dé pẹpẹ, wọ́n fi ìgò òróró lé e lọ́wọ́, Seth sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Nígbà tí Ilésanmí gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀, ó gbọ́ bí àyà ọmọ náà ṣe ń súfèé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ìyá ìjọ rí ẹ̀rín náà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ẹ wo ìfẹ́. Ó da òróró náà sílẹ̀ dáadáa, kò fi ẹ̀kán kan pamọ́. “Jókòó,” ló wí. “Jókòó, ọmọ mi. Kó o pẹ́ níbẹ̀.”

Seth jókòó. Ó gba máíkì, ó nu òróró kúrò lójú.

“Ẹ̀yin ará,” ló wí, “my first word on this chair. Òfin oògùn yẹn, láti òní lọ, ó ti parí. Mo fagi lé e. Ẹni tó ní tablet kó lò ó. Ẹni tó ní injection kó gbà á. Ẹni tí wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn ẹ̀ nítorí oògùn, kó padà wá wọ̀ ọ́ lónìí. Kò sẹ́ni tó máa tún fi nǹkan pamọ́ mọ́ nínú ilé yìí.”

Ariwo ayọ̀ bú jáde, irú èyí tí Ilésanmí kò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tó fi wà níbẹ̀, kódà lọ́jọ́ tó da oògùn sílẹ̀. Àwọn obìnrin ń yí nílẹ̀. Ọkùnrin kan ń pariwo pé ṣúgà òun, ṣúgà òun, Olúwa ṣé o. Ilésanmí dúró láàárín gbogbo rẹ̀, ó di ìgò òfìfo mú, òróró ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sórí bàtà. Ó na ọwọ́ títí ó fi rí apá àga.

“Seth. Láti ìgbà wo lo ti ní i lọ́kàn?”

Seth tẹ̀ wá síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. “From the graveside, Daddy. Mo kàn ń dúró dè yín ni.”

Nínú ariwo náà, ohùn kan ń ṣe Àmín láti ẹ̀yìn, tantan, léraléra, ó ń bọ̀ síwájú. Ilésanmí mọ ohùn náà. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Bethany kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó wà lórí àga, ó ní, “Ẹ ṣé, sir,” wọ́n sì fún un ní sùtánà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó wá mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilésanmí kò bi í nípa Àmín yẹn. Ohun mìíràn ló gbà á lọ́kàn. Bí wọ́n ṣe dé ìta, tí afẹ́fẹ́ Rye Lane fẹ́ sí i lójú, ó fà á lọ́wọ́ bí ọmọdé tó rántí nǹkan.

“Bethany, òfin ti kúrò. O gbọ́ ọ? Ó ti kúrò. Lọ́la, bá mi lọ gba oògùn yẹn wá.”

Bethany dúró, ó wo ojú méjèèjì náà fún ìgbà pípẹ́.

“Kí la fẹ́ fi ṣe, Daddy? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí a máa kán an sí.” Ó bá a de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn, ó sì ní kí wọ́n yára díẹ̀, bọ́ọ̀sì P12 ti ń bọ̀.